Àgùàlà Kì í Ṣe Ajá Oṣù: Ọ̀rọ̀ Lórí Phoebe, Àjèjì Òṣùpá tó Ń Bá Sátọ̀nù Rìn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òbí àti ọmọ iléèwé sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú níbí nítorí pé àga ò kárí, mo kí gbogbo yín.

Àwọn baba wa ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni; àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Ẹ̀yin ọmọdé lè má tíì gbọ́ ọ rí. Àgùàlà ni ohun ńlá yẹn tó máa ń tàn yòò lẹ́bàá òṣùpá nírọ̀lẹ́ nígbà mìíràn, bí ẹni pé òṣùpá ló ń fà á lókùn. Òṣùpá ò fà á lókùn. Ayé kan tó dá dúró ni, òun ni wọ́n ń pè ní Venus nínú ìwé, ọ̀nà tirẹ̀ ló sì ń tọ̀ yí oòrùn ká. Kò sí awò tí wọ́n fi ń wo sánmà kankan lọ́wọ́ àwọn tó pa òwe yìí. Ojú lásán ni wọ́n fi ṣọ́ ọ lálẹ́ òní, lálẹ́ ọ̀la, títí wọ́n fi rí i pé ìrìn àwọn méjèèjì ò dọ́gba. Ìrìn ni wọ́n fi mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹbí. Ohun tí mo wá sọ lálẹ́ òní ò jìnnà sí i.

Pílánẹ́ẹ̀tì kan wà tó ń jẹ́ Sátọ̀nù, èyí tí wọ́n máa ń ya òrùka sí lára nínú ìwé àwọn ọmọ. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn, tó ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, á lò tó wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀. Tiwa, òṣùpá ẹyọ kan la ní. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n kéde òṣùpá 128 tuntun fún Sátọ̀nù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iye tó ní sì di 274. Púpọ̀ nínú wọn kéré, wọ́n jìnnà sí i, ọ̀nà wọn sì wọ́. Nínú irú àwọn kéékèèké tó wà lẹ́yìn odi yìí, ọ̀kan ló kọ́kọ́ yọjú sí wa, òun ló tóbi jù nínú wọn, òun nìkan la sì ti sún mọ́ débi tí a fi rí ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn gun orí afárá Mọ́kọ́lá níta yìí. Ẹ dúró lókè, kí ẹ wo ráńdábáòtù nísàlẹ̀. Gbogbo Micra, gbogbo ọ̀kadà, gbogbo Márúwá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà yí i ká, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yí sí. Bí ẹ bá dúró lókè Sátọ̀nù lápá àríwá, bákan náà lẹ máa rí i. Òun fúnra rẹ̀ ń yí sọ́wọ́ òsì, òrùka rẹ̀ ń yí bẹ́ẹ̀, àwọn òṣùpá ńlá tó wà nítòsí rẹ̀, Titan, Rhea, Dione, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe. Nísinsìnyí, ẹ wá wo ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ láti apá kejì. Ó gba wọn-wéè, kò tan iná, kò fọn fèrè, kò sì dúró. Phoebe nìyẹn. Fíìbì là ń pè é lẹ́nu.

Ó fi nǹkan bí mílíọ̀nù 13 kìlómítà jìnnà sí Sátọ̀nù. Òṣùpá tiwa ò tó ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìyẹn sí wa. Kó tó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń gbà á ní nǹkan bí 550 ọjọ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó gbéra á ti máa sáré kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó padà síbi tó ti gbéra.

Kí ló dé tí ìrìn òdìkejì fi jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá? Ẹ bu gàrí sínú omi nínú abọ́, kí ẹ fi ṣíbí rò ó yípo. Gbogbo gàrí inú abọ́ náà ló máa bá ṣíbí yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí Sátọ̀nù àti àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ṣe wáyé nìyẹn, láti inú èéfín àti eruku kan tó ń yí. Kò sí bí hóró kan nínú abọ́ yẹn ṣe máa dédé máa yí padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá rí hóró tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìta ni wọ́n ti sọ ọ́ wọlé.

Bí wọ́n ṣe rí i gan-an dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Onífọ́tò ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Òkè-Àdó, yàrá kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní fèrèsé, tó jẹ́ gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń wẹ fọ́tò. Òórùn kẹ́míkà inú yàrá náà ò tíì kúrò nímú mi. Bí ìdílé kan bá wá ya fọ́tò ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń yà wọ́n. Tó bá di alẹ́, á gbé nẹ́gátíìfù kan lé èkejì, á nà án sí iwájú iná. Gbogbo ẹni tó dúró jẹ́ẹ́, ojú wọn á bọ́ síra gẹ́lẹ́. Ọmọ tó yíjú, orí méjì ló máa ní. Bàbá mi á fi èékánná tọ́ka sí i: "Ẹni tó mira nìyí."

Irú ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi rí Phoebe. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1898, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ DeLisle Stewart wà lórí ilẹ̀ gíga Arequipa ní orílẹ̀-èdè Peru, níbi tí yunifásítì Harvard gbé awò ńlá kan sí. Láti alẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún, ó ń ya sánmà tó yí Sátọ̀nù ká. Orí dígí ni wọ́n ń ya fọ́tò sí nígbà náà, dígí náà á sì wà lẹ́nu awò fún ìgbà pípẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ṣe bàìbàì jù lọ tó lè fi àmì sí i lára. Àwọn dígí yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. William Pickering, onímọ̀ ìràwọ̀ kan ní Harvard, gbé wọn wò síra. Àwọn ìràwọ̀ dúró sójú kan. Láàárín wọn, àmì kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ti kúrò níbi tó wà lálẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ó sì ń bá Sátọ̀nù lọ. Ẹni tó mira nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1899, wọ́n kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣùpá kẹsàn-án Sátọ̀nù.

Ṣáájú ìgbà yẹn, ojú ni gbogbo ayé fi ń wá òṣùpá. Ní 1892, onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó ń jẹ́ Barnard fi ojú rí Amalthea, òṣùpá Júpítà, nínú awò. Òṣùpá pílánẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn tí ojú ènìyàn kọ́kọ́ bá pàdé nìyẹn. Phoebe ni àkọ́kọ́ tí fọ́tò bá wa rí. Nígbà tí mo kà á, ó wù mí kí bàbá mi ṣì wà láyé kí n sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ irú wọn ló ṣí ilẹ̀kùn yìí.

Mi ò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Pickering yìí kan náà kéde ní 1905 pé òun ti rí òṣùpá kẹwàá, ó sọ ọ́ ní Themis. Ní 1906, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Lalande ní ilẹ̀ Faransé nítorí òṣùpá méjèèjì. Themis ò sí. Kò sẹ́ni tó tún rí i láti ọjọ́ náà. Àbàwọ́n ara dígí tàbí ìràwọ̀ tó ṣe bàìbàì lè tan ọlọ́gbọ́n jẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹwàá. Phoebe yege ìdánwò yẹn. Nígbà tí fọ́tò rẹ̀ pọ̀ tó, ní nǹkan bí 1904 sí 1905, ni wọ́n tó rí i kedere pé wọn-wéè ló ń gbà.

Ṣùgbọ́n ìrìn nìkan ò tó dá ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ gbọ́dọ̀ wo ojú rẹ̀.

Ní 1981, ọkọ̀ òfuurufú Voyager 2 yà á ní fọ́tò láti ibi tó ju mílíọ̀nù méjì kìlómítà lọ, ohun tí a rí ò sì ju ẹ̀kán dúdú kan. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ Cassini gbéra láyé ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, 1997. Ọdún tó lé ní mẹ́fà ló fi rìn. Àwọn tó ń darí rẹ̀ ṣètò ìrìn náà kó lè gba ẹ̀gbẹ́ Phoebe kọjá kó tó wọ àárín ilé Sátọ̀nù, torí pé bó bá ti wọlé tán, kò ní jáde débẹ̀ mọ́. Àǹfààní kan ṣoṣo ni. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, 2004, ó fò kọjá ní 2,068 kìlómítà sí i.

Phoebe fẹ̀ tó 213 kìlómítà, kò tó ká lọ Èkó ká padà sí Ìbàdàn. Ó rí róbótó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò síbi tí kòtò ò sí lára rẹ̀. Èyí tó tóbi jù, Jason, fẹ̀ tó nǹkan bí 100 kìlómítà: bí ẹ bá gbé bèbè rẹ̀ kan sí Ìbàdàn, bèbè kejì á ti sún mọ́ Èkó. Agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra ò tó nǹkan. Àpò ìrẹsì aádọ́ta kìlò tó ń ṣẹ́ alábàárù lẹ́yìn ní Bódìjà, bí ẹ bá gbé e débẹ̀, kò ní wúwo lọ́wọ́ ju ìrẹsì agolo mílíìkì kan ààbọ̀ lọ.

Ó dúdú. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó bọ́ sára rẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tó ń dá padà. Ṣùgbọ́n lára ògiri àwọn kòtò náà, Cassini rí àwọn ìlà funfun gbòò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dúró ti oníṣu sísun lẹ́bàá títì rí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀yìn iṣu á jóná, á dúdú kirikiri. Ìyá oníṣu á fi ọ̀bẹ họ ọ́ ṣàrà lẹ́ẹ̀kan, funfun inú rẹ̀ á yọ, èéfín á máa rú níbẹ̀. Phoebe ò ní èéfín, ó tutù ju ibikíbi lórí ilẹ̀ ayé wa lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn: yìnyín ni inú, èèpo dúdú ló bò ó, ibi tí èèpo náà bá ti yọ̀ wálẹ̀, funfun á hàn.

Òòfà rẹ̀ fa Cassini díẹ̀ bó ṣe ń kọjá, ìyẹn ni wọ́n fi wọn ìwúwo rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kìlò kan. Bí a bá bu Phoebe kún lítà kan, á tó kìlò 1.6. Iapetus àti Rhea, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé Sátọ̀nù, tiwọn ò ju 1.1 àti 1.2 lọ. Pluto, tó wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, jẹ́ 1.85. Òkúta tó wà nínú Phoebe ju ti ará ilé méjèèjì yìí lọ. Lára àwọ̀ rẹ̀, wọ́n rí omi dídì, wọ́n rí carbon dioxide, wọ́n rí àwọn èròjà oníkábọ́ọ̀nù àti àwọn èròjà tó jẹ mọ́ sáyánáìdì.

Ẹ̀rí tó kẹ́yìn ló wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Láyé àtijọ́, bí àjèjì bá wọ Ìbàdàn, kò pọn dandan kó sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tó ti wá. Wọ́n á wo ojú rẹ̀. Bó bá kọ àbàjà, wọ́n mọ̀. Bó bá kọ gọ̀ǹbọ́, wọ́n mọ̀. Omi náà ní ilà. Haidirójìn wà nínú omi, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú haidirójìn yẹn wúwo ju ìyókù lọ, wọ́n ń pè é ní deuterium. Bí ibi tí omi náà ti dì bá ṣe tutù tó láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni deuterium rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ sí. Ilà tí kì í parẹ́ ni. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ka ilà ojú Phoebe láti inú ohun tí Cassini rí, tí wọ́n sì gbé e jáde ní 2019, èyí tí wọ́n bá lára rẹ̀ ga ju gbogbo èyí tí wọ́n tíì wọ̀n rí lára yìnyín nínú agbo oòrùn wa lọ. Àwọn òrùka Sátọ̀nù àti òṣùpá ilé rẹ̀ ò ní irú rẹ̀. Ibi tó tutù gan-an, tó jìnnà kọjá Sátọ̀nù, ni wọ́n ti kọ ilà yẹn fún un.

Báwo ló ṣe wá dé ọ̀dọ̀ Sátọ̀nù? Nígbà èwe agbo oòrùn, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ńlá ò dúró sójú kan, wọ́n ń ṣí kiri, òòfà wọn sì ń da àwọn ohun kéékèèké rú láti bèbè lẹ́yìn Neptune, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí oòrùn jù. Ọ̀pọ̀ lọ láìpadà. Díẹ̀ kó sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó ń sáré kọjá ò lè dédé dúró, nǹkan kan gbọ́dọ̀ gba eré lára rẹ̀. Phoebe pàdánù díẹ̀ nínú eré rẹ̀, Sátọ̀nù sì dì í mú. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì. Ibùdó ogun ni ìlú yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1829, ọmọ ogun Ọ̀yọ́, ti Ifẹ̀ àti ti Ìjẹ̀bú tí ogun ti tú kiri ló dó síbí, tí wọn ò sì padà sílé mọ́.

Àjèjì yìí ò sì dákẹ́ nílé onílé. Ní 2009, àwọn onímọ̀ fi awò Spitzer wo Sátọ̀nù, wọ́n sì rí òrùka kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà. Bí ojú wa bá lè rí i, á fẹ̀ tó òṣùpá àrànmọ́jú méjì lójú sánmà, ọ̀kan lápá ọ̀tún Sátọ̀nù, ọ̀kan lápá òsì. Eruku ni, ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó bá dúró láàárín rẹ̀ ò ní mọ̀. Ara Phoebe ló ti ń jáde: òkúta wẹ́wẹ́ ojú òfuurufú ń gbá a, eruku ń fò dìde, òòfà rẹ̀ ò sì tó fà á padà.

Eruku náà ń wọlé bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn-wéè lòun náà ń gbà, ẹni tó kọ́kọ́ ń pàdé lọ́nà ni Iapetus. Ẹ ronú nípa ọkọ̀ tó ti Ìsẹ́yìn wọ Sángo nígbà ọyẹ́. Iwájú rẹ̀ á pọ́n fún eruku, ẹ ò ní mọ àwọ̀ ọ̀dà rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣì mọ́ díẹ̀. Iapetus kì í yí ojú padà, ẹ̀gbẹ́ kan náà ló ń fi síwájú lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ̀gbẹ́ yẹn dúdú bí èédú, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Eruku nìkan kọ́ ló sì parí iṣẹ́ náà. Ibi tó ti dúdú ń gba ooru ju ibi funfun lọ, bí aṣọ dúdú tí a sá sóòrùn; yìnyín ibẹ̀ ń fẹ́ lọ, ó ń lọ dì sí ibi tó tutù, dúdú ń dúdú sí i, funfun ń funfun sí i.

Ní 1671, Domenico Cassini, onímọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ náà, rí Iapetus láti Paris. Bó bá wà lápá ìwọ̀-oòrùn Sátọ̀nù, ó ń rí i. Bó bá lọ sápá ìlà-oòrùn, á wá a títí, kò ní rí i. Kò pariwo pé iṣẹ́ àwámárìídìí ni. Ó ní apá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú. Ní 1705, nígbà tí awò rẹ̀ ti dára sí i, ó rí i lápá kejì, ó ṣe bàìbàì gan-an. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó da eruku sí i lára, ó ku ọdún tó lé ní 190 kí ẹnikẹ́ni tó gbúròó rẹ̀.

Olùkọ́ kan béèrè lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan pé kí ni ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò WAEC fẹ́ fi òṣùpá tí kò sí nínú síléébọ́ọ̀sì ṣe. Ó dùn mí, torí pé ọmọ náà wà níbẹ̀, ó sì ń gbọ́. Ọmọ tó bá lè tọpa eruku láti Phoebe dé ara Iapetus á lè tọpa ìdọ̀tí láti odò Ògùnpa dé inú kànga ilé wọn. Iṣẹ́ ọpọlọ kan náà ni. Mo sì fẹ́ kó lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe é.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀, ìyá àgbà kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn náwọ́. Ó bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ni.

"Tíṣà, ẹ ní wọ́n gbé e wá láti ibòmíràn. Ṣé àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, wọ́n pọ̀ lọ súà. Ọkọ̀ New Horizons gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀ kọjá ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2019, Arrokoth lorúkọ rẹ̀.

"Ṣé wọ́n jọra?"

Mo gbé fọ́tò méjèèjì sí ojú ògiri fún wọn, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Arrokoth pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn. Phoebe dúdú, kò ní pupa kankan lára. Ìyá wò wọ́n pẹ́.

"Wọn ò jọra," ni wọ́n wí.

Wọn ò jọra lóòótọ́, mà. Àwọn kan ní oòrùn àti ìbúgbàmù ló pa àwọ̀ Phoebe dà láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ Sátọ̀nù. Àwọn kan ní ibòmíràn ló ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn Arrokoth. Iyàn náà ò tíì tán.